Ṣé Òfin Ni, Àbí Ìfojúdíwọ̀n? Lórí Ìwé Larry Cohen nípa Gbàǹjo Inú Bridge

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé gírámà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ìwé eré káàdì ni. To Bid or Not to Bid: The LAW of Total Tricks ni wọ́n ń pè é. Larry Cohen, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1992. Ọ̀kan nínú yín ló fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ó mọ̀ pé èmi àti àwọn àgbà kan máa ń ta bridge ní Ọ̀yọ́ níbí, tí a sì máa ń lọ ta á ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ara bá gbà. Ó ṣeun, Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa, awuyewuye náà sì ti kọjá ti eré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì-méjì, ẹnìkejì ẹni á jókòó ní ọ̀kánkán ẹni. Káàdì 52 ni, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdílé mẹ́rin ló wà nínú káàdì: kílọ́ọ̀bù, dáyámọ́ńdì, háàtì àti sípéèdì. Oníkálukú á ju ẹyọ kan sílẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá lágbára jù á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kíkó yẹn ni mo ń pè ní ìjẹ, nítorí ẹni tó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí mọ ohun tí à ń pè ní kéèyàn jẹ. Ìjẹ 13 ló wà nínú eré kan. A tún lè fi ìdílé kan ṣe aláṣẹ, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ìdílé tí wọ́n ń jù bá ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi aláṣẹ kékeré pa ọba ìdílé mìíràn.

Ta ló wá máa yan aláṣẹ? Ibẹ̀ ni gbàǹjo ti wọlé. Kí káàdì kankan tó balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á ní "háàtì méjì", ìyẹn ni pé àwọn máa jẹ ìjẹ mẹ́jọ bí háàtì bá di aláṣẹ (mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í wọ inú iye tí a ń pè). Ẹ̀gbẹ́ kejì á ní "sípéèdì méjì", nítorí sípéèdì ju háàtì lọ. Báyìí ni wọn yóò máa lé owó sí i títí àwọn yòókù á fi ní àwọn ò lọ mọ́. Ẹni tó pe iye tó ga jù ló ni ọjà. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí iye ìjẹ tó pè jẹ, gbèsè ló jẹ. Harold Vanderbilt, olówó ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló to irú èyí tí à ń ta lónìí jọ nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1925.

Òun tó mú kí eré yìí wọ èmi onímọ̀ èdè lára ni pé gbàǹjo rẹ̀ kì í ṣe gbàǹjo lásán. Bí wọ́n bá ń lu àga àtijọ́ ní gbàǹjo, owó tí o pè kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni ju pé o fẹ́ àga. Nínú bridge, owó tí o pè ni ọ̀rọ̀ tí o ń bá ẹnìkejì rẹ sọ, nítorí òun ò rí káàdì rẹ, ìwọ náà ò rí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló sì wà nínú èdè náà: nọ́ńbà kan dé méje, ìdílé mẹ́rin, "no trump" (kí ìdílé kankan má ṣe aláṣẹ), "pass", "double" àti "redouble". Bí ẹ bá kó wọn pọ̀, ìpè 38 ni wọ́n ń bí. Nínú 38 yẹn lèèyàn á ti sọ pé òun lágbára, tàbí òun ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹnìkejì òun máa bọ̀, tàbí kó dúró síbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹ tún wo èyí: òfin eré náà kò gbà kí o lo ohùn ẹnìkejì rẹ, tàbí bó ṣe fà á kó tó pè, láti fi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi ìdíje ńlá, wọn kì í fi ẹnu pè é rárá; páálí tí wọ́n tẹ ìpè sí ni wọ́n ń fà yọ nínú àpótí. Yorùbá tí ohùn jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá jókòó sídìí eré tí ohùn ti di èèwọ̀! Nídìí ayò, ẹ̀fẹ̀ àti èébú wà lára eré, àwọn òǹwòran pàápàá á máa bá wọn dá sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí.

Ìṣòro tó le jù nínú gbàǹjo yìí ni ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ń pè. Ibo ni kí n dúró? Ọ̀rọ̀ yìí ni Cohen fẹ́ yanjú. Kì í ṣe òun ló dá òfin tó gbé kalẹ̀ sílẹ̀. Jean-René Vernes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ní 1966, ó sì tún gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ìròyìn The Bridge World ní 1969. Ó wo ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ti ta níbi ìdíje àgbáyé, ó ní: ka iye ìjẹ tí ẹ̀gbẹ́ wa lè jẹ bí ìdílé tiwa bá ṣe aláṣẹ, kí o fi iye tí wọ́n lè jẹ kún un bí tiwọn bá ṣe aláṣẹ; àròpọ̀ náà yóò bá iye aláṣẹ tí ẹ̀yin àti àwọn ní dọ́gba.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ. Àwa ní sípéèdì 9, wọ́n ní háàtì 8, 17 ni àròpọ̀. Wọ́n ti pe háàtì mẹ́ta. Ṣé ká pe sípéèdì mẹ́ta? Bí wọ́n bá lè jẹ ìjẹ 9, àwa á jẹ 8. A ó fi ẹyọ kan jìn, 50 á lọ sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n 140 ni wọn ìbá gbà ká ní a fi wọ́n sílẹ̀. Bí 8 bá ni agbára wọn mọ, àwa á jẹ 9, a ó gba 140 dípò 50. Ibi yòówù kó já sí, pípè ló sàn. Láti inú èyí ni Cohen ti fa ìlànà tó lókìkí jù nínú ìwé rẹ̀ yọ: bí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ bá ní aláṣẹ 8, ẹ lè lọ dé méjì, bó bá jẹ́ 9, ẹ lọ dé mẹ́ta, bó bá jẹ́ 10, ẹ lọ dé mẹ́rin.

Ó dáa. Mi ò ní tàn yín, ìwé náà wù mí kà. Cohen mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Kì í kó ọ̀rọ̀ jọ lé ènìyàn lórí, gbogbo ohun tó bá sọ ló ń fi eré gidi ṣàlàyé, ó sì máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó tún wo ìwà àwọn atabridge kan sàn: àwọn tí ẹ̀rù máa ń bà láti pè nítorí káàdì tó lágbára ò sí lọ́wọ́ wọn, tí àwọn alátakò á sì fi wẹ́rẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Fún irú wọn, ìwé yìí oògùn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti onílé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, àti olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní yunifásítì, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Onílé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú háàtì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin pe sípéèdì kan. Èmi pe háàtì méjì, Màmá pe sípéèdì méjì. Onílé tún lọ sí háàtì mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ò lọ mọ́, èmi náà ò lọ. Ó wá ku Màmá. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí:

sípéèdì: K 7 5 2
háàtì: Q 9 7
dáyámọ́ńdì: 9 8 4
kílọ́ọ̀bù: K 7 3

Ẹnìkejì rẹ̀ ti fi ìpè rẹ̀ sọ pé òun ní sípéèdì márùn-ún. Mẹ́rin lọ́wọ́ Màmá, mẹ́sàn-án. Òfin Cohen ní kó pe sípéèdì mẹ́ta, kò sí ìjíròrò. Màmá ní òun ò lọ. Onílé jẹ ìjẹ mẹ́jọ péré, gbèsè ẹyọ kan, 50 sọ́dọ̀ Màmá.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má bínú o, Mà, ṣùgbọ́n òfin ni ẹ rú yẹn. Sípéèdì mẹ́sàn-án la ní, háàtì mẹ́sàn-án ni wọ́n ní. Méjìdínlógún!" Màmá kò fèsì. Èmi ló ní kí gbogbo wa tẹ́ káàdì sílẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin: sípéèdì Q J 8 6 3, háàtì 2, dáyámọ́ńdì A 10 3, kílọ́ọ̀bù A 10 5 2. Lọ́wọ́ onílé: sípéèdì A 4, háàtì A K J 8 6 4, dáyámọ́ńdì K 7 5, kílọ́ọ̀bù 8 6. Àwọn tó kù, tèmi ni. Ẹ kà á fúnra yín. Bí wọ́n bá fi sípéèdì ṣe aláṣẹ, wọn yóò pàdánù sípéèdì kan, háàtì kan, dáyámọ́ńdì méjì àti kílọ́ọ̀bù kan. Márùn-ún. Ìjẹ mẹ́jọ ló kù fún wọn, sípéèdì mẹ́ta ò sì ṣeé ṣe. Mẹ́jọ tiwọn àti mẹ́jọ tiwa jẹ́ 16. Òfin ní 18.

Kí ni Màmá gbọ́ tí òfin ò gbọ́? Mo bi í nígbà tí à ń jẹun. Ó ní onílé tún háàtì pè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà. Èmi tí mo gbè é gbọ́dọ̀ ní mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ní mẹ́ta. Ìyẹn 12. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wá kù fún ẹnìkejì òun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ayaba háàtì tó wà lọ́wọ́ òun kò wúlò nínú sípéèdì, nítorí ẹnìkejì òun á ti fi aláṣẹ pa háàtì kejì kí ayaba tó rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí háàtì bá jẹ́ aláṣẹ, ayaba yẹn yóò jẹ ìjẹ kan. "Ẹ sì wo ọwọ́ mi," ó ní, "mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Kò sí ibi tí mo ti lè fi sípéèdì kékeré pa nǹkan kan fún un kíákíá." Obìnrin yìí kò ka ìwé kankan lórí bridge rí, etí ló fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí Cohen. Ó mẹ́nu ba àwọn ohun tó lè mú kí àròpọ̀ náà lé sí i tàbí kó dín, káàdì àárín bí ayaba nínú ìdílé àwọn alátakò sì wà lára wọn. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni ibi tó fi í sí. Ó gbé kíkà sí ìdí ọ̀rọ̀, ó sì gbé ìgbọ́ràn sí etí rẹ̀ bí àtúnṣe. Àwọn tó ń kà á á ka ti àárín, wọn á gbàgbé ti etí. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò ṣèèṣì. Bí ìwé ṣe kọ́ ọ ló ṣe é. Títẹ̀ tí wọ́n tẹ LAW pẹ̀lú lẹ́tà ńlá lára ìwé fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìmọ̀ èdè, a ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi á rántí Grimm, ẹni tó fi hàn ní 1822 bí p inú àwọn èdè àtijọ́ ṣe di f nínú àwọn èdè Jámánì àti àwọn ìbátan wọn, bí pater ti èdè Látìn ṣe bá father ti Gẹ̀ẹ́sì tan. Òfin náà ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi níbi tí kò ti ṣiṣẹ́. Wọ́n kó àwọn ibi wọ̀nyẹn jọ, wọ́n pè wọ́n ní àyàfi, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tó di 1877 ni Karl Verner, ọmọ Denmark, fi hàn pé púpọ̀ nínú àyàfi wọ̀nyẹn ní ìlànà tiwọn: ibi tí ohùn ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ ló fa ìyàtọ̀, àwọn tó ń ka kọ́ńsónáǹtì nìkan ò sì gbọ́ ohùn. (Verner àti Vernes! Lẹ́tà kan ló yà wọ́n. N ò mọ̀ọ́mọ̀ wá a, orúkọ wọn ló rí bẹ́ẹ̀.) Yorùbá ò nílò Verner kó tó mọ èyí. Ẹ kọ igba sílẹ̀ láìfi àmì sí i: lẹ́tà mẹ́ta. Ṣé igba tó jẹ́ owó ni, àbí igbá tí wọ́n ń fín ní Ọ̀yọ́ níbí, àbí ìgbà tó ń lọ? Iye lẹ́tà kò yí padà. Ẹni tó bá ka lẹ́tà nìkan á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Bí ọ̀rọ̀ aláṣẹ ṣe rí gan-an nìyẹn. Mike Lawrence, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Anders Wirgren, ọmọ Sweden, ló fi èyí hàn nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 2004, I Fought the Law of Total Tricks. Àlàyé wọn rọrùn débi pé ó yà mí lẹ́nu pé kò tètè jáde. Kí èmi àti ẹnìkejì mi pààrọ̀ káàdì kékeré kan-kan: kí n fún un ní dáyámọ́ńdì, kó fún mi ní kílọ́ọ̀bù. Iye sípéèdì tí àwa méjèèjì ní kò yí padà. Káàdì àwọn alátakò kò yí padà rárá. Òfin á ní àròpọ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí dáyámọ́ńdì mi bá jẹ́ méjì tẹ́lẹ̀ tó wá di ẹyọ kan, ìjẹ tí à bá pàdánù níbẹ̀ á dín kan. Kì í ṣe iye aláṣẹ ló ṣe é. Bí ọwọ́ wa ṣe rí ni. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí kọ̀ǹpútà ti tú palẹ̀, ibi tí òfin ti bá iye náà mu géẹ́ kò tó ìdajì. Ní gbogbogbòò ló máa ń súnmọ́ ọn, nítorí ohun tó lé níbìkan á dín níbòmíràn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la máa ń pè ní ìfojúdíwọ̀n.

Dípò kíkà aláṣẹ, wọ́n ní ká ka ibi tí ọwọ́ wa ti kúrú jù, ìdílé méjì, ká sì ka agbára àwọn káàdì tó máa ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi wọn Màmá. Háàtì ẹyọ kan, dáyámọ́ńdì mẹ́ta: ìjẹ mẹ́rin ni wọn yóò pàdánù bí agbára tó ń ṣiṣẹ́ bá wà láàárín 19 sí 21. A ń ka éèsì sí 4, ọba sí 3, ayaba sí 2, jáàkì sí 1. Bí a bá yọ ayaba háàtì tí kò ní iṣẹ́ kúrò, 17 ló kù fún wọn, nítorí náà ìjẹ kan sí i á lọ. Márùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ìwé ti Lawrence àti Wirgren náà ní àléébù. Kò dùn ún kà bíi ti Cohen, nítorí wọ́n ń bá ẹlòmíràn jà láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó bá ń jà kì í rántí bẹ èèyàn kó jókòó. Ìṣirò wọn náà kò ṣeé ṣe tán nídìí tábìlì: báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí ọwọ́ ẹnìkejì mi ti kúrú? Àfi kí n gbọ́ ọ láti inú ìpè. A tún ti padà sí ibi tí Màmá wà.

Ohun kan tún wà tí n ò rí kí Cohen kà sí bàbàrà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé òfin ní gbogbo ìgbà ń bá àwọn alátakò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin wa kì í fi sípéèdì mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní mẹ́ta, ọjọ́ tó bá dákẹ́, mo ti mọ̀ pé kò ní mẹ́sàn-án. Ẹ lọ sí Akẹ̀sán kí ẹ lọ wo àwọn tó ń náwó. Àlejò tí wọ́n ti kọ́ pé "ìdajì ni kí o máa ná" á dé ibẹ̀, á dá ìdajì. Ìyá ọlọ́jà á wojú rẹ̀, á ti mọ irú ẹni tó jẹ́, àlejò tó tẹ̀ lé e á sì gbọ́ iye mìíràn. Oníbàárà tó mọ ọjà kì í ní ìlànà kan. Á ná an, á wo bí ìyá náà ṣe dáhùn, á kẹ́yìn sí i bí ẹni tó ń lọ. Lílọ yẹn, "pass" ni, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ìyá náà mọ̀ bóyá kó pè é padà tàbí kó jẹ́ kó máa lọ. Ìfojúdíwọ̀n ìdajì wúlò fún ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́jà. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò tíì gbọ́ ohun tí ọlọ́jà ń sọ.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí ni pé láti bí oṣù mẹ́ta, Màmá ti ń bèèrè kó tó pè. Á gbójú sókè, á ní, "Ṣé bí ìwé ṣe wí nìyí?" Èèyàn kì í bèèrè bẹ́ẹ̀ nídìí bridge, òfin gidi tó dè é kò tilẹ̀ gbà á. Obìnrin tó gbọ́ háàtì 12 nínú ìpè mẹ́ta ti wá ń fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹni tó kà dé 18. Mo ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìkọ̀kọ̀, bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, kó mú ìwé kejì lọ kà. Ó gbà. Èèyàn dáadáa ni, ìkánjú ọ̀dọ́ ló wà lára rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kọ́ bridge, ẹ má jẹ́ kí Cohen jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ yín. Ẹ ta á fún ọdún kan ná. Lẹ́yìn náà ẹ kà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń ṣàlàyé ohun tó ń fi kún àròpọ̀ àti ohun tó ń yọ nínú rẹ̀, kí ẹ tó padà sí orí kìíní. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi "òfin" túmọ̀ law yẹn. Òfin ni ohun tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹni tó rú u. Màmá rú tirẹ̀, 50 ló sì gbà.